Ìwé Kò Mọ Ilé Tí Mò Ń Gbé

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan sọ sí mi ní Ìkẹ́nnẹ́, n kò gbọ́ ọ. Obìnrin arúgbó kan ló jókòó síwájú ilé tí a fẹ́ wọ̀. Ó wo ẹrù orí mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tí eruku ti bò, ó wá sọ gbólóhùn gígùn kan. "Ulé" nìkan ni mo gbá mú níbẹ̀. Mo dúró, mò ń ṣẹ́jú. Àǹtí mi tó lọ mú mi wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ní ṣé o ò ní wọnú ilé ni, àbí ìta lo fẹ́ sùn. Kúnlẹ̀ kí wọn."

Kí n tó kúrò nílé, ohun tí gbogbo ènìyàn fi ń tù mí nínú ni pé Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ níbi tí mò ń lọ. Kétu ni wọ́n ti bí mi, ní ìhà ibodè tí àwọn Faransé ti jọba rí. Ilé ìwé wa, lekóòlù là ń pè é; olùkọ́ wa, mẹ́tìrì ni. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ti fẹ́ dẹ́rẹ́bà kan ní Rẹ́mọ. Nígbà tí bàbá mi kú, ó ní kí Màámi jẹ́ kí n wá bá òun gbé. N ó máa ràn án lọ́wọ́ nídìí búrẹ́dì tó ń tà ní Ògèrè, òun náà yóò sì máa rán mi nílé ìwé, nítorí ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ wọn láyé ìgbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Màámi di ẹrù mi, ó ní, "Ilé mìíràn lo kàn ń lọ. Kì í ṣe òkè òkun."

Màámi kò tíì dé ibẹ̀ rí ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa, èmi kò sì gbọ́ ju "gúdú mọ́níìn" lọ. Mo ti parí praimárì lọ́dọ̀ wa, ìṣirò kì í sì í bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n wọ́n dá mi padà sáàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju èjìká mi lọ. Orúnkún mi ń kan tábìlì. Nígbà tí tíṣà kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè, mo dìde, ẹ̀rù bà mí, Faransé ló jáde lẹ́nu mi. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àgànyìn. Mo ṣàlàyé títí pé Yorùbá ni mí, pé Kétu ti wà kí ẹnikẹ́ni tó pààlà kankan. Ọmọkùnrin kan ní, "Bó o bá jẹ́ Yorùbá lóòótọ́, kí ló dé tó ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀?"

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa àárò ilé ni pé kì í mú mi níbi tí mo ti ń retí rẹ̀. Mo lè jẹun, kí n fọṣọ, kí n pọnmi, kí n má rántí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pe orúkọ mi, tó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó ti gbé e sílẹ̀, ìgbà náà ni àárò á sọ mí. Ó máa ń dà bíi pé ọmọ mìíràn ni wọ́n ń pè, pé èmi gan-an ṣì wà ní Kétu, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n pè.

Màámi kò mọ̀wé kọ, kò sì sí tẹlifóònù ládùúgbò wa. Kásẹ́ẹ̀tì ló fi ń ránṣẹ́. Yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lára rédíò aládùúgbò wa, dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lápá Ògèrè yóò sì gbé e wá fún Àǹtí mi. Adìẹ máa ń ké nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹnì kan á máa gúnyán lọ́ọ̀ọ́kán. Màámi kò mọ bí wọ́n ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Yóò bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" yóò sì dákẹ́ kí n dáhùn. Èmi náà yóò dáhùn. Nígbà tí ó bá tó bí ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, òun á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," a ó sì máa bá ìjíròrò wa lọ.

Búrẹ́dì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Tíṣà. Ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti di olóògbé ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé wọn wà. Àǹtí mi ní kí n gbé búrẹ́dì fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a dé láti Ògèrè. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí sílẹ̀. Mo yọjú, mo sì gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Ìwé ló wà lára ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Òmíràn tóbi bíi bíríkì, òmíràn tín-ín-rín bí ewé. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo lè ní ju ìwé tó kún inú àpò lọ.

"Ta ló ń mí lẹ́nu ọ̀nà tí kò kí ènìyàn?"

Mo kúnlẹ̀ kíákíá. "Ẹ má bínú, mà. Búrẹ́dì ni mo gbé wá. Ìwé yín ni mò ń wò."

"Ṣé o lè kà á?"

"Ti Faransé ni mo lè kà, mà."

"Faransé!" Màmá yí ojú sí apá ibi tí ohùn mi ti ń bọ̀. Nǹkan funfun bí omi ògì ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. "Ṣé kì í ṣe ABD kan náà ni? Mú ọ̀kan wá, èyíkéyìí. Kà á sí mi létí."

Mo fa ọ̀kan yọ, mo ṣí i, mo sì fi ẹnu Faransé ka Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tébù, mo pè é ní tábúlù. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ tí wọn kì í pè, mo pè é. Èyí tí wọ́n ń pè, mo fò ó. Màmá kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ìwàásù. Lẹ́yìn náà ni ikùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi etí ìró nu ojú.

"Ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "o ti sọ ìwé ọkọ mi dorin. Padà wá lọ́la."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo bá ti pọnmi tán, n ó lọ kàwé fún Màmá Tíṣà. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké rí kí ojú tó dùn wọ́n, etí wọn kò sì jẹ́ kí àṣìṣe kankan kọjá. "Tún un pè." "Rárá, fi ahọ́n kan eyín." N ó tún un pè, wọ́n á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Èmi ni mo ní ojú, àwọn ni wọ́n ní èdè. Kí ọdún kan tó pé, mo ti ń gbọ́ ohun tí mò ń kà kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì ti wọ ilé ìwé girama.

Nínú gbogbo ìwé pálọ̀ yẹn, ọ̀kan wà tí èèpo rẹ̀ pupa, ìmọ̀ràn fún àwọn ọ̀dọ́ ló kún inú rẹ̀. Òyìnbó kan ló kọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí pé kò dàbí ìwé ilé ìwé. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ tààrà. Ó ní kí n máa jí ní kùtùkùtù. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ omi pípọn. Ó ní kí n máa fi orúkọ pe ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo gbìyànjú ìyẹn lẹ́yìn ilé, ó sì dùn mọ́ mi. Nígbà tó yá, mo dé ojú ewé kan tó ní bí ènìyàn bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun, kí ó máa wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ gbọn-in, kí ó má tẹrí ba.

Mo gbé ìmọ̀ràn yìí lọ sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí mi ń bá mi wí nítorí ìkòkò tí n kò fọ̀. Mo gbé orí sókè, mo tẹjú mọ́ ọn lójú, n kò ṣẹ́jú.

Àǹtí mi wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń wò. "Èmi lo ń wò báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí," ni mo dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú mi ṣì wà lójú rẹ̀.

Ìgbátí tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ọ dé Kétu.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá Tíṣà lọ́sàn-án, n kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n bínú sí òyìnbó. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá fọwọ́ pa mí létí. "Gbọ́, ọmọ Kétu. Ìwé kò mọ ilé tí ò ń gbé. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bí ìwé bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, kọ́kọ́ bi í pé láti ilé ta ló ti ń bọ̀. Nílé òyìnbó yẹn, ẹni tó bá gbójú sílẹ̀, olè ni wọ́n ń pè é. Nílé àǹtí rẹ, ẹni tó bá gbójú sókè ló ń wá ìjà."

"Ṣé irọ́ ló pa nígbà náà, mà?"

"Kò purọ́. Kò mọ àǹtí rẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ṣí nǹkan kan nínú mi. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí ìwé bá sọ̀rọ̀, a ti parí rẹ̀ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí mẹ́tìrì wa ní Kétu ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ìwé jiyàn. N ó kà díẹ̀, n ó dúró, n ó bi í pé, "Níbo lo ti rí ìyẹn?"

Ìwé tó ràn mí lọ́wọ́ jù kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ìtàn Yorùbá kan ni, èèpo iwájú rẹ̀ ti ya, n kò mọ ẹni tó kọ ọ́ títí di òní. Obìnrin amọ̀kòkò kan ló wà nínú rẹ̀, omi gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ní ìlú yẹn, obìnrin náà kò ṣe ju ohun kan lọ. Yóò na ìka sí nǹkan, yóò béèrè orúkọ rẹ̀, yóò sì pe orúkọ náà títí àwọn ará ibẹ̀ á fi jókòó tì í láti kọ́ ọ. Òǹkọ̀wé kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Òun kàn sọ ohun tí obìnrin náà ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, èmi náà na ìka.

Bọ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bi, ọmọ kíláàsì wa kan tó wà lára àwọn tó ń pè mí ní Àgànyìn. A jọ ń padà bọ̀ láti ilé ìwé. Mo na ìka sí ilé kan. "Kí ni màmá yín àgbà ń pe èyí?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Ulé."

Mo na ìka sí igi kan. "Èyí ńkọ́?"

"Ugi." Ó dúró. "Kí lẹ̀yin ń pè é?"

Kò tíì sí ọmọ tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un. Ó pè é, ó pè é burúkú, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, a ti pe orúkọ gbogbo ohun tó wà ládùúgbò. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi dara pọ̀ mọ́ wa. Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan ní Ìkẹ́nnẹ́ àti bí àwọn ará Ìpẹ̀rú ṣe ń pè é. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé àwọn náà kì í ṣe ẹnu kan. Orúkọ Àgànyìn kò kúrò lára mi, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń pè é yí padà. Ó wá dàbí orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún ẹni wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ògèrè ni mo máa ń wà pẹ̀lú Àǹtí mi. Lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, tírélà á tò lọ bí ilé, àwọn dẹ́rẹ́bà á sì máa sáré wá ra búrẹ́dì àti tíì gbígbóná. N ó gbé atẹ lérí, n ó máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn tírélà kan. Dẹ́rẹ́bà tó wá láti ọ̀nà Kùtọnu ń pariwo ní Faransé, mẹkáníìkì ń pariwo ní Yorùbá, àwọn méjèèjì ti di aṣọ ara wọn mú. Mo gbé atẹ mi sílẹ̀, mo bọ́ sáàárín wọn. Kò sí ohun tó tó ìjà níbẹ̀. Mẹkáníìkì ń sọ pé kó má wa ọkọ̀ náà lọ nítorí bíréèkì rẹ̀ kò dára. Dẹ́rẹ́bà rò pé ó fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun ni. Mo túmọ̀ fún èyí, mo túmọ̀ fún ìyẹn. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà náà gbọ́ "bíréèkì", ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí.

Àǹtí mi rí gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ìwé ló wà lórí rẹ̀ báyẹn."

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà gba ìjọba, wọ́n sì ti ẹnu ibodè pa. Kásẹ́ẹ̀tì kò wá mọ́. Mo ń gbọ́ èyí tó kẹ́yìn lemọ́lemọ́ títí ohùn Màámi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo fi í pamọ́ nígbà náà, kí ó má bàa parẹ́ pátápátá. Èmi tí mò ń wo ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ibi tí mo wá kàwé, mo wá rí i pé mi ò lè kúrò níbẹ̀ bí mo tilẹ̀ fẹ́. Àjèjì tí ó lè lọ nígbà tó bá wù ú àti àjèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àsìkò yẹn gan-an ni mo rí ìwé ìlera. Mò ń kà á fún Màmá Tíṣà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo ṣí ojú ewé kọjá orúnkún, mo sì rí àwòrán ojú kan. Ẹyinjú rẹ̀ funfun. Mo kà á sókè láì dúró. Ìwé náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀ kò tíì kú. Nǹkan kan ló ṣú bo inú rẹ̀, dókítà sì lè yọ ọ́ kúrò.

Mo rò pé Màmá ti sùn. "Màmá, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ṣí ibòmíràn."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kà, mà."

"Mo ní kí o ṣí ibòmíràn!" Wọn kò tíì jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ohùn wọn wálẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ mi fi rìn wọ ọsibítù. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Pósí ni mo fi gbé e padà wálé. Ṣé mo ti sọ fún ọ pé ìwé kò mọ ilé ènìyàn?"

N kò mọ ibi tí ìgboyà ti wá. Mo ní, "Màmá, ìwé yìí kò mọ ilé yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ojú yín. Ó ròyìn rẹ̀ bí ẹni tó ti rí yín rí."

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí mi bí a ti ń gé ẹ̀fọ́. Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Ìwọ náà rò ó. Bí ojú wọn bá là, kí lo máa tún lọ ṣe níbẹ̀? Ẹni tó ń ríran kò wá ẹni tí yóò kàwé fún òun."

Mi ò tíì rò ó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá mi sùn, ó sì bá mi jí. Pálọ̀ yẹn nìkan ni ibi tí kò sí ẹni tó ń bi mí ibi tí mo ti wá nínú gbogbo Rẹ́mọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìwádìí ti mú mi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí ìwé náà sọ. Bọ́sẹ̀ bá mi lọ sí Ṣàgámù. A béèrè títí a fi rí nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú aláìsàn ojú. Kò lé wa. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é, àti pé ọmọdé kọ́ ló yẹ kó máa sọ ọ́ fún àgbàlagbà. Ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún ló yẹ. Ó júwe bàbá àgbẹ̀ kan ní Simawa fún wa.

Bàbá náà gbà láti wá lọ́jọ́ tó máa gbé gbágùúdá gba Ìkẹ́nnẹ́. Mo mú wọn wọlé Màmá Tíṣà.

"Màmá, àlejò dé, mà. Wọ́n ti Simawa wá."

Bàbá jókòó, wọ́n kí ara wọn dáadáa, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè oko. Lẹ́yìn náà Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo sá lọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mi ló lé mi mú."

"Ṣé ó dùn yín?" ni Màmá bi wọ́n. Ohùn wọn kéré bíi ti ọmọdé.

"Irọ́ kò dáa. Ó ta mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, mo ń rí èpò láàárín gbágùúdá. Ìyàwó mi sì ti darúgbó, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá lọ tán, wọ́n jókòó, wọ́n ń fọwọ́ ra apá àga. "Ìwé sọ ọ́," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ènìyàn sì wá jẹ́rìí sí i. Kí ni mo tún fẹ́ wí?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin Màmá tó wá láti Èkó lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì. Màmá ṣẹ́jú, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wo èmi, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ìwọ rèé? Mo ti rò pé o ga ju báyìí lọ. Ohùn rẹ ga."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sì lọ sílé. Lẹ́yìn tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò, n kò lọ síbẹ̀ mọ́. Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀. Mo ní Àǹtí mi ń rán mi níṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn níta ilé wa.

"Ẹni tó la ojú mi, ṣé ó wá ń fi ojú pamọ́ fún mi ni?"

Màmá Tíṣà fúnra wọn ni, àwọn nìkan, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Àǹtí mi sáré gbé àga fún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba.

"Mo rò pé ẹ ti lè kàwé fúnra yín, mà."

"Mo lè kà á. Àbí ta ni yóò bá mi jiyàn lórí rẹ̀? Láti ọdún mélòó kan wá, ìwé tó wù mí lo ń kà. Wá mú èyí tó wù ọ́. Kà á sínú, kí o wá sọ fún mi ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣì í. Bí mo bá rí i pé ìwọ lo ṣì í, n ó sọ fún ọ."

Àǹtí mi wo ilẹ̀, ó wo èmi. "Dìde," ni ó wí. "Ṣé o ò rí i pé wọ́n ń dúró dè ọ́ ni?"

Mo ti wà ní fọ́ọ̀mù karùn-ún, mò ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti ṣí ibodè. Mo retí kásẹ́ẹ̀tì. Màámi fúnra rẹ̀ ló dé. Ọkọ̀ búrẹ́dì ló gbé e láti Ògèrè. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi, ó sì pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Gbogbo ara mi sọ pé kí n máa bá a lọ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ohun tí ó bá wá náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí mi mú un lọ kí Màmá Tíṣà. Wọ́n gbé omi fún un, ó mu ún. Kò wo ìwé ara ògiri, èmi ló ń wò. "Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tọ́ ọmọ," ni ó wí. "Inú mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọ̀nà. Bí wọ́n bá tún tì í lọ́la ńkọ́? Mo wá mú un lọ sílé."

Ilé ni ó pè é. Mo wo Àǹtí mi, ó gbójú sílẹ̀. Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. "Ọmọ yín ni," ni wọ́n wí. "Ẹ bi í."

Màámi yíjú sí mi. Mo wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, nínú èyí tí wọ́n fi gbani nímọ̀ràn àti èyí tí wọ́n kàn fi sọ ìtàn. N kò rí ojú ewé kankan fún un. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí ọmọ tó ń pe ibi méjì ní ilé.

"Màámi," ni mo wí, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀, "mi ò gbàgbé yín ní ọjọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò mi tán. Lẹ́yìn náà, ibi tí ẹ bá ní kí n lọ, n ó kọ́kọ́ bi yín ní ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà n ó lọ."

"Yóò kọ́kọ́ bi mí ní ìdí rẹ̀!" Màámi wo Màmá Tíṣà. "Ṣé bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí yín níbí nìyí?"

"Lójoojúmọ́," ni Màmá dáhùn. "Ó ti sú mi."

Ojú Màámi ń lọ lára mi láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ó ti mọ̀ mí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó tò wọ́n sábẹ́ àga.

"Ìdánwò náà, ó ku oṣù mélòó?" ni ó bi Àǹtí mi. Kò dúró gbọ́ èsì. "Ẹ wá ẹní fún mi. N ò lè máa lọ máa bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn."